Àbúrò Mi Tó Ń Fi Gíríìkì Sùn

Àbúrò mi Ìfẹ́ kì í sùn láìgbọ́ Gíríìkì. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á rò pé àwàdà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tó gbé àgbàlá wa ní Bánáwá lọ́dún tí mò ń wí yìí, ẹ bi Màmá Ládì tí ilé rẹ̀ àti tiwa jọ pín ògiri kan, wọn á sọ fún yín. Orin ni àwọn ọmọ yòókù ládùúgbò ń gbọ́ kí wọ́n tó sùn. Tiwa kọ̀. Àfi kí Màámi pọ̀n ọ́n, kí ó fi ọ̀já gbà á dáadáa, kí ó máa rìn láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná dé ìdí igi máńgòrò, kí ó yí padà, kí ó sì máa ka èdè tí ẹnikẹ́ni kò sọ ní gbogbo ìlú Kàdúná, èdè tí àwọn tó ni ín ti kú tipẹ́tipẹ́. Bí ó bá ti ka ìlà kẹta, orí Ìfẹ́ á ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ó bá dákẹ́ láti mí, ojú á là. Ẹ wo irú ọmọ tí Ọlọ́run fún wa!

Mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, Túndé tó tẹ̀lé mi jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, Ìfẹ́ sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu eyín. Ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú ni, tí Bàámi, akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan, máa ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tí ó sì máa ń padà dé pẹ̀lú òwú funfun lórí irun bíi pé ó ti darúgbó lójijì. Màámi ń ránṣọ nínú yàrá iwájú. Gbogbo ìwé tí ó kà, ọwọ́ ìjọ ni ó ti kà á, kò sì sí ọjọ́ kan tí kò dúpẹ́ fún un. "Ìjọ ló là mí lójú," ni ó máa ń wí. Kíláàsì Ìwé Mímọ́ ti àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ó fẹ́ràn jù láyé. Bàbá Alàgbà ló ń kọ́ wọn níbẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ga bí igi dógóyárò, òun sì ni olórí gbogbo olùkọ́ nínú ìjọ wa. Bí ó bá ti wọlé, á ṣí fìlà funfun rẹ̀ bí gbogbo ọkùnrin ṣe ń ṣe ní ilé Olúwa, á gbé e lé orúnkún, á máa fọwọ́ pa á lára bí ẹni tó ń tu ológbò nínú. Bí iyàn bá sì ti le, á gbójú sókè, á ní, "Ṣùgbọ́n ní Gíríìkì..." Ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn. Ta ni yóò bá Gíríìkì jà?

Ní ọjọ́ kan, Màámi nawọ́ sókè. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ń dúró láti gba ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Ìfẹ́ wà, tí itọ́ rẹ̀ ti ṣe odò kékeré kan sí èjìká bùbá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ wo gan-an ló wà níbẹ̀ ní Gíríìkì? Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni." Kò sí ìwọ̀sí kankan nínú ìbéèrè náà; ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. Bàbá Alàgbà wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo ọmọ, ó rẹ́rìn-ín múṣẹ́. "Ìyá Mojí, ẹ kọ́kọ́ nu itọ́ ọmọ yín ná. Gíríìkì kì í ṣe ohun tí à ń kọ́ tòun tọmọ lẹ́yìn." Ẹ̀rín sọ nínú kíláàsì. Màámi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, ó fọ ìtẹ́dìí ọmọ títí gbogbo omi inú garawa fi tán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní òun ń lọ ra bọ́tìnì ní ọjà Kawó. Ó dé láìsí bọ́tìnì. Ìwé ló gbé dé, ó rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ògbólógbòó ìwé lẹ́bàá gáréèjì: ìwé Gíríìkì àtijọ́ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí eku sì ti jẹ gbogbo ibi tí ìdáhùn wà. Eku náà kò mọ̀ pé iṣẹ́ ni òun fi kún un fún wa. Bàámi gbé e sókè, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìyá Mojí, kí la fẹ́ fi eléyìí ṣe? Ṣé àwọn ará Gíríìkì ń bọ̀ wá kí wa ni?"

"Èdè tí àwọn àpọ́sítélì fi kọ̀wé ni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn."

"Lẹ́nu àwọn tó ti kú?"

"Wọn ò kú, Bàbá Mojí. Ẹ̀yin náà ń kọ ọ́ lórin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé wọ́n ń bẹ lókè."

Bàámi gbé ìwé náà sílẹ̀, ó ní kí wọ́n bu tùwó òun wá.

Ìṣòro àkọ́kọ́ kì í ṣe Gíríìkì, àwa ọmọ ni. Bébà tí Màámi bá kọ nǹkan sí, Túndé á fi ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Èyí tí Túndé kò bá rí, Ìfẹ́ á jẹ ẹ́. Nínú oṣù kìíní nìkan, ó jẹ lẹ́tà bíi mẹ́jọ, kò sì dà á láàmú níkùn. Màmá Ládì ló gbà wá. Ìyàwó awakọ̀ kan ni, Hausa ni, Mùsùlùmí òdodo, obìnrin tí ó ń rẹ́rìn-ín kí ẹ tó parí ọ̀rọ̀ yín. Ó yọjú láti orí ògiri lọ́jọ́ kan, ó ní, "Maman Mojí, karatu? Ìwé lẹ ń kà ni?" Màámi ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì kà á sókè fún un: álífà, bítà, gámà, délítà. Màmá Ládì pàtẹ́wọ́. "Kai! Alif, ba! Ashe ẹ̀yin náà ní alif tiyín!" Ó wọlé, ó sì gbé wàláà jáde, pákó tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin fi kọ́ Kéú nígbà tó wà ní kékeré. Ó ní kí Màámi máa lò ó. Ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po tàdáwà, yíǹkì tí wọ́n fi ń kọ̀wé sára rẹ̀, pẹ̀lú èédú ìdí ìkòkò àti oje igi, ó sì kọ́ ọ ní òfin kan tó ṣe pàtàkì ju tàdáwà lọ: a kì í fọ wàláà títí a ó fi mọ ohun tó wà lára rẹ̀ láìwò ó.

Bẹ́ẹ̀ ni Gíríìkì ṣe wọ ilé wa. Láàárọ̀, bí ẹni tó ń ta omi bá ti ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ń dún kẹ̀ù kẹ̀ù, tí Màmá Ládì sì ń gún ọkà jéró lódìkejì ògiri, Màámi á ti kọ ìlà mẹ́ta sára wàláà, á gbé e kọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Á ro ògì, á wo wàláà. Á dín kósáì, àkàrà àwọn Hausa, á wo wàláà. Kósáì jóná lọ́dún yẹn! Bàámi jẹ ẹ́ láìráhùn, ó kàn máa ń béèrè pé, "Orí wo lẹ ti dé o?" Nígbà tí ọmọ bá ń tòògbé, Màámi á pọ̀n ọ́n, wọn á gba ọ̀nà igi máńgòrò. Iṣẹ́ tèmi ni láti dúró ti wàláà kí n wò ó bóyá ó kà á pé, nítorí ó ti kọ́ mi ní lẹ́tà náà. Bí ó bá pé, màá gbé pákó náà lọ sídìí ẹ̀rọ omi, màá fọ̀ ọ́. Ayọ̀ tó máa ń bá mi bí tàdáwà náà bá ti ń ṣàn lọ, mi ò rí irú rẹ̀ mọ́, àyàfi bóyá ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ìlà mẹ́ta lójúmọ́ ti kéré jù, á ní, "À báà gúnyán nínú ewé, à báà sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó."

Kò sí ẹni tí yóò sọ fún un bí èdè náà ṣe ń dún. Ó rí àwọn àmì kéékèèké lórí lẹ́tà, ó ní, "O ṣeun Olúwa, àwọn náà ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀!" Ni ó bá ń kà á lókè lódò bí ẹni pé Ọ̀yọ́ ni wọ́n bí àwọn àpọ́sítélì sí. Ó dùn létí. Àwa ọmọ gbé ọ̀rọ̀ jáde sí òpópónà. "Tékínà!" ni Màámi fi ń pè wá, ìyẹn ni pé ẹ̀yin ọmọ, àwọn ọmọ Màmá Ládì náà á sì sáré dé, nítorí wọ́n ti mọ̀ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Túndé lọ ra búrẹ́dì lọ́jọ́ kan, ó fi Gíríìkì béèrè, ó ní òun fẹ́ átọ́ọ̀sì. Onísọ́ọ̀bù náà, ọkùnrin tí kò ní gbà láéláé pé nǹkan kan wà láyé tí òun kì í tà, wo orí pẹpẹ, ó wo abẹ́ tábìlì, ó ní, "Átọ́ọ̀sì ya ƙare. Padà wá lọ́la." Túndé sunkún délé pé átọ́ọ̀sì ti tán, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì kún iwájú ọkùnrin náà dé àyà.

Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí Màámi wà nígbà náà lọ báyìí. Mo ti tọ́ ọmọ tèmi, mo sì mọ̀ pé èmi ò lè ka ojú ìwé ìròyìn kan tán kí ẹnì kan má pè mí láti wá bá òun tú okùn bàtà. Nígbà yẹn, mo rò pé gbogbo ìyá ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bí obìnrin bá ti bímọ, wọ́n á fún un ní ọ̀já, wọ́n á fún un ní Gíríìkì.

Ìgbà tí ọyẹ́ lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà di ńlá. Obìnrin tó ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn. Wọ́n da àwọn ìyá náà mọ́ kíláàsì àgbà, níbi tí ojú ti ń tì wọ́n bí ọmọ bá ti sunkún. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dẹ́kun wíwá. Èyí dun Màámi wọ eegun. Ó wọ bàtà, ó lọ bá Bàbá Alàgbà nílé rẹ̀, èmi ni mo bá a gbé báàgì. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ wọn.

"Ẹni tó bá máa kọ́ni gbọ́dọ̀ ti lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Ìwé Mímọ́," ni Bàbá Alàgbà wí.

"Mi ò lọ, sà. Ṣùgbọ́n mo ti ń kọ́ Gíríìkì."

"Gíríìkì! Níbo?"

"Nílé ìdáná, sà."

Baba wò ó títí. Ó jọ pé ó ń wá ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà sí. Níkẹyìn ó ní, "Ó dáa. Ní ọ̀sán Sátidé, ẹ wá ka orí kìíní Ìyìn Rere tí a ń kọ́ lọ́wọ́ níwájú àwa olùkọ́. Pasítọ̀ kọ́ èdè náà, á mú ìwé tirẹ̀ wá, á máa fojú bá yín lọ. Ẹ bá kà á já, kíláàsì àwọn ìyá di tiyín. Ẹ kò bá lè kà á já, Ìyá Mojí, ẹ má tún gbé ọ̀rọ̀ yìí wá mọ́ láéláé." Màámi kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Nígbà tí a dé ìta, ó di ọwọ́ mi mú, a sì sáré bí ọmọdé méjì títí dé orí títì.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gbogbo ilé ń jó lórí ìka ẹsẹ̀ kan. Bàámi, tí kì í lọ aṣọ, fi áyọ̀ọ̀nù eléèédú lọ bùbá Màámi lẹ́ẹ̀mejì, ó lọ gèlè rẹ̀ tuntun títí ó fi ń ró pákapàka. Òun ló sì pa àṣẹ tó fẹ́ ba ti gbogbo wa jẹ́. "Ẹ ò ní pọn ọmọ o! Ṣé ẹ rántí ohun tí Alàgbà wí? Èmi ni màá gbé Ìfẹ́ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀já gan-an, ilé ni kó wà, kó má baà dán yín wò." Gbogbo wa ní ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Màámi pàápàá gbà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó ronú kàn án pé láti ìgbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ìlà Gíríìkì kan tí ó kà já rí láìsí ọmọ lẹ́yìn rẹ̀.

Olùkọ́ mẹ́fà ló jókòó lórí bẹ́ńṣì, ọkùnrin ni gbogbo wọn. Pasítọ̀ ṣí ìwé rẹ̀. Bàbá Alàgbà gbé fìlà lé orúnkún, ó fọwọ́ pa á lára. Màámi dúró níwájú, ó nà gbọnrangandan bí òpó iná, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ìlà kìíní jáde. Ìlà kejì jáde, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá ibi tí yóò rìn sí. Ìgbà yẹn ni Ìfẹ́, lórí itan Bàámi, gbọ́ Gíríìkì. Ó gbé orí sókè. Ó wá ẹ̀yìn tó yẹ kó wà níbẹ̀, kò rí i. Ó figbe bọnu! Bàámi mì ín, ó fi kọ́kọ́rọ́ ilé ṣeré fún un, ó tilẹ̀ gbìyànjú fúnra rẹ̀, ó ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Álífà, bítà, jọ̀ọ́, gámà..." Ìfẹ́ wò ó bí ẹni tó ń wo olè, ó fi igbe mìíràn lé e. Níwájú, Màámi dákẹ́. Ìlà kẹta ti sọnù. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún sọnù.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Bàbá Alàgbà wí, kò sì pariwo. "Ohun tí mo wí nígbà yẹn náà nìyí."

Túndé fún ọwọ́ mi pọ̀ títí ó fi dùn mí. Màámi gbé ìwé sórí tábìlì. Ó rìn tọ̀ wá wá, ó gba ọmọ lọ́wọ́ Bàámi, ó gbé e sẹ́yìn, ó nawọ́ sí mi. Ọ̀já! Ilé ni ọ̀já wà. Màámi wò mí, ó wo Bàámi tó ti tẹrí ba, ó sì gbé ọwọ́ sókè, ó tú gèlè rẹ̀ tuntun. Ó fi gba ọmọ mọ́ ẹ̀yìn, ó so ó pinpin. Gbogbo bẹ́ńṣì mí hìn-ín. Obìnrin kì í ṣí orí nínú ilé Olúwa lọ́dọ̀ wa, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kí ó tún ka Ọ̀rọ̀. Irun rẹ̀ sì rèé, tí òwú dúdú tí wọ́n fi kó o ti ń yọ síta láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ọjọ́ irun ti di ọjọ́ Gíríìkì. Pasítọ̀ ń wo àjà. Àwọn olùkọ́ ń wo ilẹ̀. Kò sí obìnrin mìíràn níbẹ̀ tí yóò yá a ní ìborùn, ríbọ́ọ̀nù pupa kan péré ló wà lórí tèmi.

Bàbá Alàgbà wo orúnkún ara rẹ̀. Ó dìde, gíga rẹ̀ kò sì tètè tán, ó rìn lọ bá Màámi, ó na fìlà funfun náà sí i. "Ẹ fi bo orí yín, Ìyá Mojí. Kí ohun gbogbo wà létòlétò." Bóyá àánú ló ṣe é ni o, bóyá òfin ló ń pa mọ́ ni o, mi ò mọ̀ dòní, ọpẹ́ ṣáà ni mò ń dá. Màámi dé e. Ó bọ̀ ọ́ dé etí. Túndé bú sẹ́rìn-ín, mo ti ọwọ́ bọ ẹnu ara mi.

Màámi kò dúró mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, láti iwájú pẹpẹ dé ẹnu ọ̀nà, ó ń jù sọ́tùn-ún, ó ń jù sósì, ó ń fọwọ́ gbá ìdí ọmọ jẹ́jẹ́, Gíríìkì sì ń jáde bí omi ẹ̀rọ tó ti ń ṣe kùù kùù tẹ́lẹ̀. Orí tábìlì ni ìwé ṣì wà. Kò nílò rẹ̀. Mo rí wàláà níwájú mi, ìlà mẹ́ta mẹ́ta, gbogbo èyí tí mo ti fọ̀ dànù, ó ń padà wá lẹ́nu ìyá mi lókè lódò. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà, á yí padà bó ṣe ń yí padà nídìí igi máńgòrò. Ìka Pasítọ̀ ń sáré tẹ̀ lé e lórí ìwé. Igbe Ìfẹ́ di ìkùnsínú, ìkùnsínú di ìmí. Nígbà tí orí kìíní parí, Màámi dúró níwájú wọn pẹ̀lú fìlà lójú àti òógùn lọ́rùn, ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́.

"A ò kà á báyìí nílé ẹ̀kọ́ tiwa," ni Pasítọ̀ wí, ó ń nu ẹ̀rín kúrò lójú. "Àwa ò kọ ọ́ lórin. Ṣùgbọ́n kò fo ọ̀rọ̀ kan."

Gbogbo ojú yí sí Bàbá Alàgbà. Ìdákẹ́jẹ́ náà ti jẹ́ kí Ìfẹ́ la ojú kan. Baba rí i. Ó gbé ìka lé ètè. "Ẹ rọra, ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí," ni ó sọ wúyẹ́wúyẹ́, "ọmọ kíláàsì àwọn ìyá kò tíì sùn tán." Ó wá kọjú sí Màámi. "Olùkọ́, ẹ máa kà á lọ."

Màámi bọ́ sí orí kejì.

Nígbà tí a délé, Màmá Ládì ti gbọ́ ìró ẹ̀rín wa láti òpópónà. Ó ní sauka ni Màámi ṣe yẹn, bí ọmọ Kéú tó parí wàláà, ó sì dín kósáì fún gbogbo àgbàlá; tiẹ̀ kò jóná. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá padà wá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, wọ́n sì ń rìn káàkiri kíláàsì bí wọ́n ṣe fẹ́. Màámi fọ fìlà náà, ó fi sítáàṣì sí i, mo gbé e lọ fún Bàbá Alàgbà. Ó ní kí n gbé e padà, pé òun ní òmíràn, pé olùkọ́ kì í ṣaláìní fìlà.

Ìfẹ́ fúnra rẹ̀ ti bímọ báyìí. Ó pè mí lórí fóònù láìpẹ́ yìí pẹ̀lú omijé pé òun ti gbìyànjú orin, òun ti gbìyànjú rédíò, ọmọ kọ̀, kò sùn. A gbé ọmọ náà lọ bá Màámi, tó ti di arúgbó, tí orúnkún ń dùn. Ó gbà á lọ́wọ́ wa, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn. Ìfẹ́ mú ọ̀já wá. Màámi so ó, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sì dúró.

"Mojí," ni ó wí, "wo inú àpótí mi. Bá mi mú fìlà mi wá."